Ṣé àpò ilé ni kí n ra, àbí ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó o?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Oníṣòwò ni mí ní Ọjà Ọba, ní Àkúrẹ́. Mo ti tọ́jú ₦4 mílíọ̀nù láti fi ra ilẹ̀ lọ́nà Ọba-Ilé, ṣùgbọ́n ọmọ mi ní kí n yé fa wàhálà ọmọ onílẹ̀ sọ́rùn, kí n fi ra REIT, ìyẹn àpò ilé. Láìpẹ́ yìí, àwọn kan wá bá wa ní ìpàdé ẹgbẹ́. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ àwọn ló ń bójú tó irú àpò bẹ́ẹ̀, àwọn sì ń ta ṣíà ilé-iṣẹ́ náà báyìí kó tó wọ ọjà ṣíà lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣé ọ̀kan náà ni méjèèjì? Kí ni mo máa wò kí n tó sanwó?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ó dùn mọ́ mi pé ẹ bèèrè kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì, orúkọ kan náà tó sábà máa ń wà lára ìwé wọn ló ń jẹ́ kó rú èèyàn lójú.

REIT jẹ́ àpò owó tí ọ̀pọ̀ èèyàn dá jọ láti fi ra ilé ọ́fíìsì, ilé ìtajà tàbí ilé gbígbé. Ayálégbé ń san owó ilé, wọ́n ń yọ ìnáwó kúrò níbẹ̀, wọ́n sì ń pín ìyókù fún àwọn tó ni àpò náà. Ilé-iṣẹ́ alábòójútó ní tirẹ̀, iṣẹ́ ló ń bá àpò yẹn ṣe, owó iṣẹ́ ló sì ń gbà. Ọmọ ìlú kòkó ni wá, a mọ̀ pé ẹni tó ni oko yàtọ̀ sí ẹni tó ń gba owó oṣù láti mójú tó oko. Bí kòkó ò bá tiẹ̀ so dáadáa lọ́dún kan, ẹni tó ń gba owó oṣù ṣì máa gba tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àpẹẹrẹ lásán ni mo fẹ́ lò. Ká ní iye ilé tó wà nínú àpò kan jẹ́ ₦10 bílíọ̀nù, gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀ jẹ́ ₦500 mílíọ̀nù, wọ́n sì pín in sí ẹyọ ìpín bílíọ̀nù kan. Owó ilé tó wọlé lọ́dún jẹ́ ₦700 mílíọ̀nù. Àtúnṣe, epo dísẹ̀ẹ̀lì, ọdẹ àti àwọn yàrá tó ṣófo kó ₦150 mílíọ̀nù lọ. Èlé orí gbèsè gba ₦125 mílíọ̀nù. Alábòójútó sì ń gba ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ilé jẹ́, ìyẹn ₦150 mílíọ̀nù. Ohun tó kù láti pín ni ₦275 mílíọ̀nù, kọ́bọ̀ 27.5 lórí ẹyọ kan. Bí ẹyọ kan bá ń lọ ní ₦5.50 lọ́jà, ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ni èrè yín lọ́dún. Ẹ fi iye yẹn wé ohun tí ìjọba ń san lórí treasury bill, ìyẹn owó tí ìjọba ń yá fún ìgbà díẹ̀, lọ́sẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ rà, kí ẹ mọ̀ bóyá ó tó yín.

Ohun tó yẹ kí ẹ fara balẹ̀ wò jù nìyí. Bí ayẹ̀léwò, ẹni tó ń díye lé ilé, bá dé, tó ní ilé wọ̀nyẹn ti di ₦12 bílíọ̀nù, tí ayálégbé kankan kò sì fi kọ́bọ̀ kún owó ilé, owó alábòójútó ti di ₦180 mílíọ̀nù. Èyí tó kù láti pín fún gbogbo ẹ̀yin tó ni àpò á wálẹ̀ sí ₦245 mílíọ̀nù. Ẹ ò rí i pé owó tó ń wọ àpò alábòójútó, àpò àwọn tó ni ilé ló ti ń jáde. Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ ra REIT, ẹ máa wá owó iṣẹ́ tó kéré, tàbí èyí tí wọ́n gbé ka orí owó ilé tó wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ ra ṣíà alábòójútó, òdìkejì ló ń wá. Èmi kì í gbà kí ẹnikẹ́ni ra méjèèjì láìmọ ẹ̀gbẹ́ tó wà.

Lórí REIT fúnra rẹ̀, ẹ bèèrè iye ilé tó ṣófo, àwọn ayálégbé tó tóbi jù, àti ìgbà tí àdéhùn wọn máa parí. Ẹ yọ gbèsè kúrò nínú iye ilé, kí ẹ pín in sí iye ẹyọ. Nínú àpẹẹrẹ wa, ₦9.50 ni. Àmọ́ ₦5.50 ni ọjà ń san. Ẹ má tíì pe ìyẹn ní ẹ̀dínwó. UPDC REIT ta ẹyọ rẹ̀ ní ₦10 ní 2013, fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà iye tí ọjà ń san lé e kò tó bẹ́ẹ̀. Iye tí ayẹ̀léwò kọ sínú ìwé kò di owó lọ́wọ́ yín àyàfi tí ẹnì kan bá ṣe tán láti san án. Lórí ìpín èrè, Finance Act, òfin ìnáwó ìjọba àpapọ̀, ti 2019 fún irú àpò yìí ní ìdáríjì owó orí lórí owó ilé àti dífídẹ́ńdì, bó bá pín ó kéré tán ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ láàárín oṣù 12 lẹ́yìn tí ọdún ìṣirò bá parí. Ẹ wo ìwé ìṣirò wọn bóyá wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣíà alábòójútó lè dára o. CapitaLand Investment ti Singapore wọ ọjà ṣíà ní 2021, owó iṣẹ́ lórí àwọn REIT tó ń bójú tó sì wà lára owó tó ń wọlé fún un. Ṣùgbọ́n irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àdéhùn láti bójú tó àpò ló sábà máa ń jẹ́ olórí dúkìá rẹ̀. Ọdún mélòó ni àdéhùn náà kù? Ṣé àwọn tó ni àpò lè lé e? Ṣé àpò kan ṣoṣo ló gbójú lé? Èló nínú owó tó wọlé ló jẹ́ owó ọdọọdún, èló ló jẹ́ owó ẹ̀ẹ̀kan lórí ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà? Owó ẹ̀ẹ̀kan yẹn máa ń jẹ́ kí ọdún kan dà bí ọdún ọlá, ọdún kejì á sì gbẹ. Ẹ wò ó pẹ̀lú bóyá àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ń ta ilé tiwọn fún àpò tí wọ́n ń bójú tó, àti ẹni tó dá iye rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ bí owó ṣe ń jáde náà wà níbẹ̀. Ní ìparí 2022, owó tí àwọn èèyàn fẹ́ gbà padà nínú BREIT, àpò ilé Blackstone ní Amẹ́ríkà, pọ̀ ju ìwọ̀n tí ìwé rẹ̀ gbà láyè, ìyẹn ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún iye àpò náà lóṣù àti ìdá 5 láàárín oṣù mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ ní láti dúró. Ilé kò ṣeé gé tà bí aṣọ. REIT tó wà lọ́jà NGX, ìyẹn ọjà ṣíà Nàìjíríà, ẹlòmíì ni ẹ máa tà á fún nípasẹ̀ stockbroker, alágbàtà ṣíà, ṣùgbọ́n ó lè pẹ́ kí ẹ tó rí olùrà.

Ṣíà tí wọ́n gbé wá sí ìpàdé yín kò tiẹ̀ ní ọjà kankan. Ìlérí ni pé ó máa wọ ọjà lọ́dún tó ń bọ̀. Bí kò bá wọ̀ ọ́, ta ni ẹ máa tà á fún ní Àkúrẹ́ yìí? Nítorí èyí, èrò mi ni pé kí ẹ má rà á. Tí ọkàn yín bá ń fà sí ọ̀rọ̀ ilé, REIT tó wà lọ́jà ni kí ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ nínú owó náà dán wò, kí ẹ má fọwọ́ kan owó tí ẹ fi ń kó ọjà.

Bí wọ́n bá tún padà wá, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní orúkọ ilé-iṣẹ́ bí ó ṣe wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀, orúkọ àpò tí wọ́n ń bójú tó, ti trustee rẹ̀, ìyẹn ẹni tó ń di dúkìá àpò náà mú fún àwọn tó ni ín, àti ìwé ìṣirò ọdún mẹ́ta tí ayẹ̀wé-owó-wò ti fọwọ́ sí. Kí ọmọ yín wá orúkọ méjèèjì lórí ìkànnì SEC, àjọ ìjọba tó ń ṣàbójútó ọjà ṣíà. Àjọ náà máa ń gbé orúkọ àwọn àpò tó forúkọ sílẹ̀ àti iye owó tí wọ́n jẹ́ jáde lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí orúkọ àpò náà kò bá sí níbẹ̀, ẹ kọ ìwé sí SEC kí ẹ sì sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ yín tó wà ní ìpàdé kí wọ́n dáwọ́ dúró.