Wọ́n ní kí n wá sanwó mọ́tò lọ́jọ́ Jímọ̀, kí ni kí n kọ́kọ́ wò?

Ìbéèrè: A sàlámù aléékùm ẹ̀gbọ́n. Tíṣà ni mí l'Ọ́fà, mo ti rí Corolla 2009 kan, tókúnbọ̀, n'Ílọrin. Ọkùnrin tó ń tà á ní ẹlòmíì ti fẹ́ san owó ẹ̀, pé kí n tètè wá gbé e lọ́jọ́ Jímọ̀. Mọ́tò ọ̀hún ń dán, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ò sì pariwo nígbà tó sítáàtì ẹ̀ fún mi. Bàbá àwọn ọmọ ò sí nílé, èmi ò sì mọ nǹkan kan nípa mọ́tò. Kí ni kí n wò kí n tó sanwó? Kóópù ni mo ti yá owó yìí o.

Ìdáhùn: Wa aléékùm sàlám, àǹtí mi. Ẹ kú ìmúra mọ́tò, Ọlọ́hun á jẹ́ ẹ lò ó pẹ́.

Ọ̀rọ̀ yín kan ló kọ́kọ́ dá mi dúró, ẹ ní ẹ́ńjìnnì ò pariwo nígbà tó sítáàtì ẹ̀. Ṣé ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì kó tó sítáàtì ẹ̀? Torí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta mọ́tò, tí wọ́n bá ti mọ̀ pé oníbàárà ń bọ̀, wọ́n á ti sítáàtì ẹ̀ sílẹ̀, ẹ́ńjìnnì á ti gbóná, ọ́ìlì á ti yí i ká, ariwo tó yẹ kẹ́ ẹ gbọ́ á ti rọlẹ̀, èéfín tó yẹ kẹ́ ẹ rí á ti bá atẹ́gùn lọ kẹ́ ẹ tó wọ géètì. Nítorí náà, ẹ má san kọ́bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn. Ẹ sọ fún un pé ẹ̀ ń bọ̀ láàárọ̀ kùtù Sátidé, kó má sítáàtì ẹ̀ rárá. Tẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀ tẹ́ ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ jókòó títí á fi tutù, ì báà gba wákàtí mẹ́ta.

Nígbà tó ṣì tutù yẹn náà ni kẹ́ ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì lórí ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ wo inú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan tó dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé omi ti ń bá ọ́ìlì pàdé níbì kan, gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun tó ń dí àárín irin ẹ́ńjìnnì, ni ẹ máa kọ́kọ́ fura sí, ẹ yáa kúrò níbẹ̀. Kí wọ́n wá sítáàtì ẹ̀, kí ẹnì kan dúró sẹ́yìn níbi sàléńsà. Èéfín tó bá ń fà sí búlúù, ọ́ìlì ló ń jó. Èyí tó funfun tí ò lọ, kódà nígbà tó ti gbóná tán, omi rédíétọ̀ ló ń wọ ibi tí ò yẹ kó wọ̀. Funfun díẹ̀ láàárọ̀ tó sì pòórá, ìyẹn ò ní wàhálà. (Tí wọ́n bá fẹ́ fi Camry 2007 sí 2009 tó ní ẹ́ńjìnnì 2.4 rọ́pò ẹ̀ fún yín, ẹ rántí pé irú ẹ́ńjìnnì yẹn lórúkọ burúkú nídìí ọ́ìlì jíjẹ.)

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ń dùn mí títí dòní. Oníbàárà mi kan ní kí n bá òun wo Accord kan. Mo gbọ́ ẹ́ńjìnnì ẹ̀, mo wà á, gíà ẹ̀ ń wọlé geere, mo ní kí wọ́n rà á. Mi ò ká kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sókè. Kò pé oṣù mẹ́rin tí iná dásíbọ́ọ̀dù fi bẹ̀rẹ̀ sí í tàn bó ṣe wù ú, wíńdò á kọ̀ kò ní lọ sókè, nígbà tí réwáyà tú abẹ́ síìtì, ẹrẹ̀ gbígbẹ ló bá lára wáyà. Omi ti bo mọ́tò yẹn rí lókè òkun kí wọ́n tó kó o wá. Owó tí obìnrin yẹn ná lé e lórí, mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ náwó bẹ́ẹ̀ láéláé.

Ìjì líle tó ń kó omi wọ ìlú wọn l'Amẹ́ríkà, bíi Sandy ní 2012 àti Harvey ní 2017, mọ́tò tó bà jẹ́ níbẹ̀ ò lóǹkà, irú wọn sì máa ń wọ ojú ọ̀nà ọjà tókúnbọ̀. Mọ́tò 2009 ti wà lójú títì nígbà méjèèjì. Ẹ fa bẹ́líìtì síìtì dé òpin pátápátá, ibi tí kì í sábà jáde yẹn ni ilà ẹrẹ̀ máa ń wà, wọ́n lè fọ síìtì àmọ́ ọ̀pọ̀ wọn kì í rántí ibẹ̀. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì, ẹ gbóòórùn ẹ̀, ẹ wo nọ́ọ̀tì tó de síìtì mọ́lẹ̀ bóyá ó ti dípẹtà, kẹ́ ẹ wo abẹ́ táyà ìpamọ́ nínú búùtù. Tí inú mọ́tò bá ń ta sánsán lọ́fínńdà ju bó ṣe yẹ lọ, èmi ò ní fọkàn tán an.

Nọ́ńbà ṣáásì ńkọ́? Lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún ni. Ó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú lápá dírébà, ó tún wà lára sítíkà tẹ́ ẹ máa rí tẹ́ ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn dírébà. Méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba, kí wọ́n sì bá ìwé Kọ́sítọ́ọ̀mù mu, lẹ́tà kan ò gbọdọ̀ yàtọ̀. Ẹ ka a dé ìkẹwàá: tó bá jẹ́ 2009 lóòótọ́, 9 ló máa wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ 8, mọ́tò 2008 ni wọ́n fẹ́ gba owó 2009 lé lórí. Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà yìí, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí wẹ́ẹ̀bù NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò mọ́tò, ọ̀fẹ́ ni, á sọ fún yín bóyá àtúnṣe dandan kan wà tí wọn ò tíì ṣe. Ẹ má fojú kéré ẹ̀, torí airbag (àpò atẹ́gùn tó ń gba èèyàn là tí mọ́tò bá kọlu nǹkan) tí iléeṣẹ́ Takata ṣe, tó ń bú gbàmù tó sì ń fọ́n irin sí èèyàn lára, Corolla wà lára àwọn mọ́tò tí wọ́n pè padà nítorí ẹ̀.

Táyà ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n máa ń fi nǹkan pa á kó máa dán, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT: 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Mítà náà, ẹ má gbà á gbọ́ lásán, wọ́n ń dá a padà. Ẹ wo rọ́bà bíréèkì tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ àti ìdí síìtì dírébà, tí wọ́n bá ti jẹ tán tí mítà sì ní máìlì díẹ̀ ló ti rìn, ẹ̀yin náà mọ èyí tó ń parọ́.

Ẹ wá wà á jáde. Ẹ má jẹ́ kó mú yín yí àdúgbò po lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ padà, ẹ gba ọ̀nà Ajáṣẹ́-Ìpo bọ́ síta dáadáa, ẹ tan éésì, torí éésì tó ń tutù nígbà tí mọ́tò ń sáré lè máa fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Póòsì Ọ́fíìsì lọ́sàn-án oṣù kẹta. Tẹ́ ẹ bá dúró, ẹ kúrò ní D (gíà iwájú) lọ sí R (gíà ẹ̀yìn). Tó bá pẹ́ kó tó gbá a, tàbí tó fò bí ẹni tí wọ́n tì, gíà ń ṣàìsàn, owó gíà kì í sì í ṣe kékeré.

Ti ìwé: ẹ gbé ìwé Kọ́sítọ́ọ̀mù lọ sí ọ́fíìsì wọn n'Ílọrin kí wọ́n bá yín yẹ̀ ẹ́ wò, torí tí owó ẹrù ẹ̀ ò bá pé, ẹ̀yin tó ń wà á ni wọ́n máa gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ lójú ọ̀nà, kì í ṣe ẹni tó tà á. Rìsíìtì gbọ́dọ̀ ní orúkọ yín, orúkọ ẹni tó tà á, nọ́ńbà ṣáásì àti iye owó. Bánkì ni kẹ́ ẹ ti san án, sínú àkáǹtì tó jẹ́ orúkọ tó wà lórí rìsíìtì yẹn gan-an. Ẹ béèrè kọ́kọ́rọ́ kejì. Ínṣọ́ránsì third party ti di 15,000 náírà láti oṣù kìíní 2023, ẹ fi kún owó tẹ́ ẹ ń ṣírò.

Tẹ́ ẹ bá ní mekáníìkì tiyín l'Ọ́fà, ẹ mú un dání, ẹ má lo èyí tí ẹni tó ń tà á bá júwe fún yín. Tó bá wá ní òun ò lè dúró di Sátidé, ẹ jẹ́ kó tà á fún ẹnìkejì yẹn. Corolla 2009 ò wọ́n n'Ílọrin, a máa rí òmíì.