Àṣẹ Windows kò sí nínú dísìkì tí ẹ nù

Ìbéèrè: Òkun o, ẹ̀yin ẹnjiníà wa. Olùkọ́ ni mí ní Ìsánlú. Mo fẹ́ fún àbúrò mi ní láptọ́ọ̀pù HP mi, mo sì nu gbogbo ohun tó wà nínú dísìkì rẹ̀ pátápátá. Láti ìgbà náà, ojú dúdú ló ń gbé wá, pẹ̀lú àkọlé pé òun kò rí ètò tí òun yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò wa ní mo ti nu àṣẹ Windows mọ́ ọn, pé kí n ra kọ́kọ́rọ́ tuntun, ìyẹn nọ́ńbà tí Windows fi ń gba àṣẹ, tàbí kí òun fi kírákì, ìyẹn ètò ayédèrú tó ń fi èrú ṣí Windows, sí i lówó pọ́ọ́kú. Ó tún ní mọ́dábọ́ọ̀dù, pátákó ńlá inú ẹ̀rọ tí gbogbo ẹ̀yà yòókù so mọ́, lè ti bàjẹ́. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Irú ìbéèrè yìí ń dé ọ̀dọ̀ mi láti Kábà títí dé Ẹ̀gbẹ́, ó sì ti ń bí mi nínú. Ẹ jẹ́ kí n tètè kúrò lórí ọ̀rọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù. Kọ̀ǹpútà tó tàn, tó sì kọ ọ́ sójú pé òun kò rí ètò tí òun yóò fi bẹ̀rẹ̀, mọ́dábọ́ọ̀dù rẹ̀ ló ń bá yín sọ̀rọ̀ yẹn. Dísìkì ló ṣófo. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú ẹ̀rọ náà.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ ni kí ẹ fetí sí dáadáa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé inú dísìkì ni kọ́kọ́rọ́ Windows ń gbé, àti pé ẹni tó bá nu dísìkì ti nu kọ́kọ́rọ́ náà. Irọ́ ni. Láti ìgbà tí Windows 8 ti jáde ní ọdún 2012, láptọ́ọ̀pù tí wọ́n bá tà pẹ̀lú Windows nínú rẹ̀, orí mọ́dábọ́ọ̀dù ni wọ́n sábà máa ń kọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí, níbi tí BIOS wà, ìyẹn ètò kékeré tó máa ń kọ́kọ́ jí nígbà tí ẹ bá tan ẹ̀rọ. Bó ti wù kí ẹ nu dísìkì tó, ọwọ́ yín kò dé ibẹ̀. Kódà, bí ẹ bá yọ dísìkì náà sọnù tí ẹ sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ náà wà níbi tó wà. Láti ìgbà Windows 10 ní ọdún 2015 pẹ̀lú, Microsoft máa ń tọ́jú àmì ìdánimọ̀ ẹ̀rọ tó ti gba àṣẹ rí sọ́dọ̀ ara wọn, débi pé bí ẹ bá tún irú Windows kan náà fi sínú ẹ̀rọ náà, tí ẹ sì so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, wọn yóò dá a mọ̀, àṣẹ rẹ̀ yóò sì padà láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹni tó wó ilé rẹ̀ kí ó lè tún un kọ́ kò tún ní ra ilẹ̀.

Mo sọ pé “irú Windows kan náà”, yálà Home tàbí Pro tó jẹ́ oríṣi Windows, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ìgbàgbọ́ yìí ti ń rí ẹsẹ̀ dúró. Ẹ̀rọ tó ní àṣẹ Home ni alátùn-únṣe yóò fi Pro sí nítorí pé Pro ló wà lórí fláàṣì rẹ̀, Windows yóò wá máa bèèrè kọ́kọ́rọ́, òun náà yóò sì ní, “Ṣé mo sọ fún yín?” Ẹ fi Home sí ibi tí Home wà tẹ́lẹ̀, ariwo yóò sì dákẹ́.

Ní ti kírákì, ẹ wo ohun tó kọ́kọ́ máa ń ní kí ẹ ṣe: kí ẹ pa ètò ààbò Windows. Ta ni ó máa ń ní kí wọ́n so ajá mọ́lẹ̀ kí òun tó wọlé? Àwọn tó ń jí ọ̀rọ̀ aṣínà sábà máa ń sá pamọ́ sínú irú ètò bẹ́ẹ̀, àbúrò yín ni yóò sì máa fi ẹ̀rọ náà wọ àkáǹtì báńkì rẹ̀.

Bí ẹ bá ní fọ́tò tàbí ìwé tí ẹ kò gbé síbòmíràn, ẹ dúró ná, ẹ má ṣe fi ohunkóhun sínú dísìkì náà, kí ó má baà bo èyí tó ṣì lè ṣeé rí padà mọ́lẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ wá fláàṣì tó tó 8 GB, tí kò ní ohun tí ẹ nílò nínú, nítorí gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ni yóò pa rẹ́. Lórí kọ̀ǹpútà mìíràn tó ń ṣiṣẹ́, ẹ gba Media Creation Tool láti ojúlé Microsoft fúnra wọn, kí ó fi Windows 11 sórí fláàṣì náà bí ẹ̀rọ yín bá tó o gbé, nítorí pé láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ lórí Windows 10 dúró. Àṣẹ Windows 10 ń ṣiṣẹ́ fún 11. Dátà tí yóò jẹ kì í ṣe kékeré, ẹ lọ síbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dára, kí bátìrì sì kún, nítorí iná wa kò ṣe é fọkàn tán.

Ẹ fi fláàṣì sínú HP náà, ẹ tàn án, ẹ máa tẹ Esc léraléra, lẹ́yìn náà F9, kí ẹ sì yan fláàṣì. Bí ó bá bèèrè kọ́kọ́rọ́, ọ̀rọ̀ kékeré kan wà nísàlẹ̀: “I don't have a product key”. Ẹ tẹ ẹ́. Bí kò bá tilẹ̀ bèèrè, ó ti rí tirẹ̀ lórí mọ́dábọ́ọ̀dù nìyẹn. Bí dísìkì kò bá sì hàn nígbà tí ẹ dé ibi tí ẹ ti máa yàn án, ẹ má ṣe ra òmíràn. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ Intel ìran kọkànlá sókè, díráfà Intel RST, ìyẹn ètò kékeré tí Windows fi ń rí dísìkì, ló kù; ẹ gbà á lójúlé HP, ẹ gbé e sórí fláàṣì, kí ẹ sì tẹ “Load driver”.

N kò tíì fojú rí ẹ̀rọ yín o. Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù rẹ̀ rí, tàbí tó jẹ́ tòkunbọ̀ tó ń lo àṣẹ iléeṣẹ́ ńlá, tàbí tó ti dàgbà ju ọdún 2012 lọ, ọ̀rọ̀ lè yàtọ̀. Ẹ wo Activation nínú Settings lẹ́yìn tí ẹ bá ti so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Bí kò bá sí “Active” níbẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà àṣìṣe tó gbé jáde sílẹ̀ kí ẹ tó san owó fún ẹnikẹ́ni.