Kí ẹ tó ki fíríìsà mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì kíṣìnnì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìmúra ọjà o. Ẹ ní fíríìsà tí ẹ fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ òwò ẹja ti dé, pé sọ́kẹ́ẹ̀tì kan péré ló wà ní kíṣìnnì, fíríìjì àti máíkírówéfù sì ti wà lórí rẹ̀, ṣé kí ẹ ra extension oníhò mẹ́fà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rà á.

Ihò mẹ́fà yẹn ò fi nǹkan kan kún iná tó ń ti inú ògiri wá. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí à ń lò yìí, áńpù 13 ni agbára rẹ̀. Ẹ sọ 13 di púpọ̀ lọ́nà 230 fóòtì (volt), ẹ ó rí nǹkan bíi wáàtì 3,000. Kẹ́tùlù nìkan lè gba 2,000 níbẹ̀, áyọ́ọ̀nù 1,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Máíkírówéfù tí wọ́n kọ 700 sí lára, ó ń gbà ju 1,000 lọ lára ògiri, nítorí 700 ni èyí tó ń dé ara oúnjẹ. Fíríìsà kì í gba púpọ̀ tó bá ti ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ìgbà tí mọ́tò rẹ̀ bá fẹ́ ta, ó máa ń gba ìlọ́po mélòó kan.

Ìṣirò yìí gan-an, tí wáyà bá dára ni o. Nílé tí a háyà n'Íbàdàn, òórùn kan ń yọ ní kíṣìnnì lálaalẹ́, bí ẹja tó fẹ́ bàjẹ́. Ìyàwó mi kó gbogbo pánlá àti titus síta, ó fọ fíríìsà tọṣẹtọṣẹ, òórùn ò lọ. Ìgbà tí mo fọwọ́ kan sọ́kẹ́ẹ̀tì ni mo yára fà á padà. Ike ẹ̀gbẹ́ ihò kan ti pọ́n bíi dòdò. Ike iná tó ń jó máa ń rùn bí ẹja nígbà mìíràn, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ máa ta ẹja ló sì yẹ kó tètè yé jù.

Nígbà tí oníṣẹ́ iná tú u, a rí i pé ẹni tó wáyà ilé náà fa sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn láti ara wáyà gílóòbù. Wáyà 1.5 ni (bó ṣe nípọn tó ní mm² nìyẹn), èyí tó tó fún gílóòbù àti fáànù, 2.5 ni wọ́n ń lò fún sọ́kẹ́ẹ̀tì. Nínú àjà, ó kàn lọ́ wáyà méjì mọ́ra, ó fi téèpù dúdú wé e. Bírékà ńkọ́? Ẹnì kan ti yọ èyí tó ń gé iná tó bá ti pọ̀ jù, ó fi ti áńpù 32 sí i. Èyí ló burú jù lójú mi. Bírékà tó ń gé iná ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ẹni tó bá fi èyí tó tóbi rọ́pò rẹ̀ láì pààrọ̀ wáyà, wáyà fúnra rẹ̀ ló sọ di fíúsì, inú àjà ló sì máa ti jó.

Ẹ dán èyí wò lónìí: ẹ máa pa bírékà yín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí gílóòbù kíṣìnnì bá kú pa pọ̀ mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ yín jọ tèmi.

Ohun tí mo ní kí wọ́n ṣe fún mi ni kí wọ́n fa wáyà 2.5 tuntun, tòun ti wáyà tó ń wọlẹ̀ (earth), tààrà láti inú àpótí bírékà wá sí ìdí fíríìsà, kó ní bírékà áńpù 20 tirẹ̀. Títí ẹ ó fi rí oníṣẹ́, ẹ gbé máíkírówéfù lọ sí yàrá mìíràn, kí ẹ má sì se omi lórí sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn rárá. Extension pẹlẹbẹ tí wáyà rẹ̀ jẹ́ 0.75, tẹlifíṣọ̀n àti ṣájà ni ẹ fi í sílẹ̀ fún. Tí iná bá sì lọ sílẹ̀ tí gílóòbù ń pọ́n, ẹ yọ fíríìsà; mọ́tò rẹ̀ á máa jìjàkadì, á sì máa gbóná lásán.

Kí oníṣẹ́ náà tó lọ, ẹ tan fíríìsà sílẹ̀ fún bíi wákàtí kan, kí ẹ wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan plọ́ọ̀gì rẹ̀. Tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò burú. Tó bá jó yín lọ́wọ́, kí oníṣẹ́ tún un tú kí ẹ tó san owó tó kù.