Èsì: Kí ni olùdíje Libertarian lè ṣe nílé aṣòfin ìpínlẹ̀?

O bèèrè bóyá olùdíje Libertarian (ẹgbẹ́ òṣèlú Amẹ́ríkà tó fẹ́ kí agbára ìjọba àti owó orí dín kù) tó ń du ilé aṣojú-ṣòfin ìpínlẹ̀ New Hampshire lè fagi lé owó orí ìjọba àpapọ̀ bó bá wọlé. Rárá o, ti ìjọba àpapọ̀ ní Washington nìyẹn. Ohun tó wà níkàáwọ́ ìpínlẹ̀ ni kó o bi í: ìwé àṣẹ tí onígbàjámọ̀ gbọ́dọ̀ gbà, òfin igbó mímu (cannabis), owó tí wọ́n fi ń bójú tó ilé-ìwé.

Owó orí ilé ló máa ń da àwọn ará New Hampshire láàmú jù. Ìpínlẹ̀ náà kì í gba owó orí lórí owó oṣù, nítorí náà owó orí ilé àti ilẹ̀ ló ń gbé ilé-ìwé ró. Tó bá ní òun á dín in kù, ní kó dárúkọ ohun tó máa gé.

Bí ẹgbẹ́ rẹ̀ kò bá tíì ní àyè lórí ìwé ìdìbò, ó máa kó ìbuwọ́lùwé 150 jọ. Kó kó tó 200, torí wọ́n á yọ ti ẹni tí kì í ṣe olùdìbò àgbègbè náà dànù. Owó iṣẹ́ ọ̀hún? 100 dọ́là lọ́dún!

Àwọn kan á máa tọ́ka sí Dick Randolph, ọmọ ẹgbẹ́ Libertarian tó wọlé sílé aṣòfin ìpínlẹ̀ Alaska lọ́dún 1978. Lóòótọ́, Alaska fagi lé owó orí lórí owó tó ń wọlé fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní 1980, ṣùgbọ́n owó epo rọ̀bì ló jẹ́ kó ṣeé ṣe.