Nígbà Tí Oògùn Ìrora Kò Bá Ran Iṣan Tí Ń Jóni

Nọ́ọ̀sì àgbà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì ní Abẹ́òkúta ni ó dáhùn ìbéèrè àwọn òǹkàwé wa ní oṣù yìí.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin olóòtú wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹni ọdún 58 ni mí, aṣọ àdìrẹ ni mo ń tà ní Ìtòkú, ó sì ti tó ọdún 11 tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé mo ní àtọ̀gbẹ. Láti nǹkan bí ọdún 2 sẹ́yìn ni àtẹ́lẹsẹ̀ mi méjèèjì ti ń jó mi bí ẹni tí ó dúró lórí ẹyin iná, pàápàá lóru. Bí aṣọ ìbora bá fara kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi, ńṣe ni ó ń ta mí bí ẹni pé wọ́n fi ata pa á. Ní aago kan òru ni mo máa ń dìde lọ fi ẹsẹ̀ lé sìmẹ́ǹtì ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí pé ó tutù. Mo ti lo parasítámọ́ọ̀lù, mo ti lo díkílófẹ́náàkì, mo ti gba abẹ́rẹ́, kò sí èyí tí ó ràn mí nínú wọn. Dókítà wá kọ amitriptyline fún mi, ṣùgbọ́n ọmọ àbúrò mi kà á pé oògùn tí wọ́n ń fún àwọn aláìsàn ní Àrò, ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ, ni. Ọjọ́ 6 péré ni mo fi lò ó. Ẹnu mi gbẹ, oorun ń kùn mí ní ìsọ̀, ìrora kò sì lọ, ni mo bá pa á tì. Ṣé wọ́n rò pé orí mi ti dàrú ni? Ṣé láfún tí mo ń jẹ ni ó fa àìsàn yìí? Kí ni kí n ṣe? Ó ti sú mi.
Ìyá aláṣọ, Ìtòkú

ÌDÁHÙN

Ìyá wa, ẹ kú ìnira, ẹ sì kú ìfaradà. Mo rí i nínú lẹ́tà yín pé ọ̀rọ̀ Àrò yẹn ń dùn yín tó ẹsẹ̀ náà, nítorí náà òun ni n ó kọ́kọ́ dáhùn. Dókítà yín kò rò pé orí yín dàrú. Lóòótọ́ ni pé a ń fi amitriptyline tọ́jú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ṣùgbọ́n oògùn kan lè ṣe iṣẹ́ méjì, gẹ́gẹ́ bí iyọ̀ ṣe ń mú ọbẹ̀ dùn tí kì í sì í jẹ́ kí ẹja bàjẹ́. Miligíráàmù 10 tàbí 25 lálẹ́ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ fún ìrora iṣan ìmọ̀lára, ìyẹn iṣan tí ń gbé ìròyìn láti ara lọ sí ọpọlọ, nígbà tí èyí tí a ń lò fún ìrẹ̀wẹ̀sì sábà máa ń tó 75 sí 150 lójúmọ́. Inú ọ̀pá ẹ̀yìn àti ọpọlọ, níbi tí ìròyìn láti ẹsẹ̀ ń gbà, ni ó ti ń dín ìrora kù, ó sì ń ran ẹni tí kò ní ìrẹ̀wẹ̀sì kankan lọ́wọ́. Kí n tún sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ọmọ Ẹ̀gbá: Àrò kì í ṣe orúkọ tí ó yẹ kí a máa fi dẹ́rù ba ara wa. Ọmọ Abẹ́òkúta yìí náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lámbò, tí ó bẹ̀rẹ̀ ètò kan níbẹ̀ ní 1954, tí àwọn aláìsàn ń gbé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn náà ká, tí wọ́n ń bá wọn ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì ń gba ìtọ́jú, àwọn onímọ̀ ìṣègùn láti ilẹ̀ òkèèrè sì kọ́gbọ́n nínú rẹ̀. Mo ti rí àwọn tí ó ju oògùn tí ì bá mú wọn sùn nù nítorí ohun tí aládùúgbò máa sọ, ó sì máa ń dùn mí gan-an.

Ohun tí ó fà á tí parasítámọ́ọ̀lù àti díkílófẹ́náàkì kò fi ràn yín ni pé ìrora yìí kì í ṣe irú èyí tí a ṣe wọ́n fún. Bí ènìyàn bá fẹsẹ̀ kọ, ojú ibi tí ó fi kọ ni ó ń wú. Iṣẹ́ tí ojú ọgbẹ́ rán iṣan ìmọ̀lára ni iṣan náà ń jẹ́ fún ọpọlọ, bí oògùn bá sì ti pẹ̀tù sí ojú ọgbẹ́, ara a rọ̀. Nínú ọ̀rọ̀ tiyín, oníṣẹ́ gan-an ni ó ń ṣàìsàn. Ṣúgà tí ó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún pípẹ́ ti ba àwọn iṣan ìmọ̀lára jẹ́, pẹ̀lú àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ tí ń bọ́ wọn, èyí tí ó gùn jù lọ nínú wọn ni ó sì ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Ìdí nìyí tí ó fi máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Oníṣẹ́ tí ara rẹ̀ kò yá wá ń jẹ́ iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rán an. Ó ń kéde iná níbi tí iná kò sí, ó ń sọ fún ọpọlọ pé ata ni aṣọ ìbora. Ìrora yín kì í ṣe àfinúrò rárá. Ó ní orísun, a sì mọ orísun rẹ̀.

Oníṣẹ́ kan náà yìí ni ó sì máa ń dákẹ́ nígbà tí ó yẹ kí ó pariwo, èyí ni ó sì ń bà mí lẹ́rù jù. Nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́, bàbá kan wá sọ́dọ̀ wa tí ó ní ẹsẹ̀ òun ń jó òun lóru bíi tiyín gẹ́lẹ́. Mo ní kí ó di ojú, mo fi òwú tútù kan àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì bi í bóyá ó mọ̀ ọ́n lára. Ó ní òun ṣì ń retí kí n bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí mo gbé bàtà rẹ̀ sókè ni mo rí ìṣó kékeré kan tí ó ti gba ìsàlẹ̀ bàtà náà wọlé, tí orí rẹ̀ ti ń dán nítorí pé àtẹ́lẹsẹ̀ ti ń fẹ̀gbẹ́ kàn án fún ọjọ́ púpọ̀. Nítorí náà, ní alaalẹ́, ẹ jókòó síbi tí iná wà, ẹ wo àtẹ́lẹsẹ̀ yín àti àárín ọmọ ìka kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi dígí wo ibi tí ojú yín kò bá tó, kí ẹ sì máa gbọn bàtà yín wò kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Sìmẹ́ǹtì tútù tí ẹ ń fi ẹsẹ̀ lé kò burú fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wọ sálúbàtà kí ẹ tó rìn débẹ̀.

Nípa oògùn, ọjọ́ 6 kò tíì tó. Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà máa ń fi kún ìwọ̀n àwọn oògùn iṣan, ó sì lè gbà tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 kí a tó lè sọ pé èyí ràn wá tàbí kò ràn wá. Ẹnu gbígbẹ àti oorun tí ó ń kùn yín sábà máa ń dín kù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, pàápàá bí ẹ bá ń lò ó ní nǹkan bí aago 8 alẹ́ dípò ìgbà tí ẹ bá fẹ́ sùn gan-an. Bí kò bá ṣeé fara dà, tàbí bí ẹ bá ní àìsàn ọkàn tàbí àìsàn ojú tí a ń pè ní glaucoma, ẹ sọ fún dókítà, nítorí pé àwọn mìíràn wà: gabapentin, pregabalin, àti duloxetine. Bí kíndìnrín kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, a gbọ́dọ̀ dín ìwọ̀n méjì àkọ́kọ́ kù. A kì í sì í dá èyíkéyìí nínú wọn dúró lójijì.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí oògùn lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe, nítorí pé ìrètí tí ó kọjá agbára oògùn ni ó ń mú kí ọ̀pọ̀ pa á tì. Nínú ènìyàn 10 tí ó lo gabapentin tó ìwọ̀n fún ìrora àtọ̀gbẹ, nǹkan bíi 4 ni ìrora wọn dín kù dé ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú 10 tí wọ́n fún ní oògùn tí kò ní nǹkankan nínú, nǹkan bíi 2 ni ara tù bẹ́ẹ̀. Ìdajì ni à ń wá. Bí ìrora yín bá wà ní 8 nínú 10 tí ó sì bọ́ sí 4, tí ẹ wá ń sùn láti aago 10 di aago 5 ìdájí, oògùn náà ti ṣiṣẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ ṣì ń ta yín. Ẹ wá ìwé kékeré kan, irú èyí tí ẹ fi ń kọ gbèsè oníbàárà, kí ẹ máa kọ òǹkà ìrora yín láti 0 dé 10 àti wákàtí tí ẹ fi sùn sínú rẹ̀ lálaalẹ́. Ìwé yẹn yóò ran dókítà yín lọ́wọ́ ju kí ẹ sọ pé “kò lọ” lọ.

Ní ti láfún, ìbéèrè yín kì í ṣe ti aláìmọ̀kan. Ní àwọn ọdún 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúwakáyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ti Ìbàdàn ṣe ìwádìí àìsàn iṣan kan láàárín àwọn tí ó ń jẹ oúnjẹ ẹ̀gẹ́ lójoojúmọ́ tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ rí ẹran tàbí ẹja jẹ, ó sì so ó mọ́ májèlé sáyánáìdì tí ń bẹ nínú ẹ̀gẹ́ tí a kò ṣe dáadáa. Láfún tí a rẹ tó ọjọ́ 3 tàbí 4, tí a sá kí ó gbẹ, tí a sì fi ọbẹ̀ ẹlẹ́ja jẹ, yàtọ̀ sí èyí. Ìwọ̀n òkèlè ni kí ẹ máa ṣọ́ nítorí ṣúgà. Èyí tí mo fura sí ju láfún lọ ni nǹkan mìíràn tí ẹ kò mẹ́nu bà: bí ẹ bá ti ń lo metformin, oògùn àtọ̀gbẹ, láti ọdún 11 yìí, ó lè mú kí fítámì B12 lọ sílẹ̀ nínú ara, àìtó B12 sì ń fa irú ẹsẹ̀ tí ń jó àti èyí tí ń kú yìí gan-an. Ẹ bẹ dókítà kí ó ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá lọ sílẹ̀, ó ṣeé fi abẹ́rẹ́ tàbí oògùn dá padà, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dá metformin dúró fúnra yín.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fi omi gbígbóná jó ẹsẹ̀ yín, ẹ má sì ṣe yá iná. Ẹsẹ̀ tí kò mọ òwú lára kò lè mọ ìgbà tí ó ń bó. Ìgbọ̀nwọ́ ni kí ẹ máa fi tọ́ omi ìwẹ̀ wò. Ẹ yé lo díkílófẹ́náàkì, nítorí kò wúlò fún ìrora yìí, kíndìnrín alátọ̀gbẹ ni ó sì ń bá jà. Àwọn kan yóò sọ pé kí ẹ ra tramadol, oògùn ìrora tí ó lágbára, ní kẹ́míìsì. Ó máa ń di bárakú, bí ẹ bá sì lò ó pọ̀ mọ́ amitriptyline ó lè fa gìrì.

Iṣẹ́ tí ó kù wà lọ́wọ́ yín àti ara ilé yín, kò sì kéré. Ní 1965, àwọn onímọ̀ méjì, Ronald Melzack àti Patrick Wall, ṣàlàyé pé ọ̀pá ẹ̀yìn dà bí ẹnu ọ̀nà tí ìròyìn ìrora ń gbà wọlé, àti pé ìfọwọ́rà lè mú kí ẹnu ọ̀nà náà pa dé díẹ̀. Ohun tí ìyá ń ṣe nìyẹn nígbà tí ọmọ bá ṣubú tí ó sì fi ọwọ́ ra á lórúnkún. Ibi tí kò ta yín, bí ojúgun àti àyíká kókósẹ̀, ni kí ọmọ yín máa fi ìpara ṣẹ́ẹ́ṣẹ́ẹ́ ra lálẹ́. Bí ẹ bá rí onímọ̀ fisioterápì ní ilé ìwòsàn ìjọba, ẹ̀rọ kékeré kan wà tí ń fi iná díẹ̀ ta ara lórí irú ìpìlẹ̀ yìí, ó sì ń tu àwọn mìíràn lára. Ẹ máa rìn fún ìṣẹ́jú 20 tàbí 30 ní ìrọ̀lẹ́ níbi tí ilẹ̀ bá ti tẹ́jú. Abẹ́òkúta wa kún fún òkè àti òkúta, ẹ má ṣe bá òkè jà. Ní ìsọ̀, ẹ má dúró títí ẹsẹ̀ yóò fi kígbe kí ẹ tó jókòó. Ẹ jókòó kí ìrora tó le, kí ẹ dìde, kí ẹ tún jókòó. Àwọn tí ń fi agbára ṣe gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, tí wọ́n sì ń sùn sílẹ̀ fún ọjọ́ 2 lẹ́yìn rẹ̀, ni ìrora máa ń fìyà jẹ jù.

Bí egbò bá yọ lẹ́sẹ̀ yín tàbí tí ara rẹ̀ ń dúdú, bí ẹsẹ̀ bá dẹ̀ lójijì, tàbí bí ẹ kò bá lè mú ìtọ̀ dúró mọ́, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

ÌBÉÈRÈ

Bàbá mi tí ó jẹ́ ẹni ọdún 71 ní ìléròrò sí ìhà òsì ní oṣù 4 sẹ́yìn, dókítà sì pè é ní shingles. Ìléròrò ti gbẹ, ṣùgbọ́n ìrora kò lọ, kò sì lè wọ aṣọ. Àwọn ẹbí ní wọ́n na bàbá ní pàṣán lójú orun.
Akẹ́kọ̀ọ́, Alábàtà

ÌDÁHÙN

Kòkòrò àrùn ṣíkínpọ́ọ̀sì tí bàbá ní nígbà èwe ni ó sùn sínú iṣan láti ọdún wọ̀nyí wá, tí ó tún jí. Ó ń tẹ̀ lé ọ̀nà iṣan kan ṣoṣo, ìdí nìyí tí ó fi rí bí ojú pàṣán ní ìhà kan. Bí ìrora bá kọjá oṣù 3, iṣan náà ni ó ti farapa, àwọn oògùn tí mo sọ fún ìyá aláṣọ ni a sì ń lò fún un pẹ̀lú, tàbí ìlẹ̀mára lidocaine, oògùn tí ń mú ojú ibi kú, ní ojú ibẹ̀ níbi tí a bá ti rí i. Ẹ rán ẹ̀wù òwú múlọ́múlọ́ fún bàbá, kí ó fún un díẹ̀ lára, nítorí aṣọ tí ń fò kàn án ni ó ń ta á jù. Bí bàbá bá ń ní ìṣòro láti tọ̀, ẹ sọ ọ́ kí dókítà tó kọ amitriptyline, nítorí ó lè dí ìtọ̀ mọ́ àgbà ọkùnrin nínú.