Ṣé kí n fi iṣẹ́ tí mo ti gba máàkì lórí ẹ̀ ránṣẹ́ fún ìdíje?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mi. Akẹ́kọ̀ọ́ sosiọ́lọ́jì, ìmọ̀ nípa àwùjọ, ni mí, ó kù díẹ̀ kí n gboyè àkọ́kọ́. Ẹ̀ka wa máa ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tí àròkọ rẹ̀ bá dára jù lẹ́bùn. Mo ní iṣẹ́ kan tí mo gba máàkì tó ga lórí ẹ̀. Ṣé kí n fi ránṣẹ́ bó ṣe wà?

Ìdáhùn: Má fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ o. Olùkọ́ rẹ mọ ìbéèrè tó bi yín, ó mọ ìwé tó ní kí ẹ kà. Àwọn adájọ́ ìdíje kò mọ ìkankan níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, wọn kì í tilẹ̀ rí orúkọ ẹni tó kọ ọ́.

Ìbéèrè tí àròkọ náà fẹ́ dáhùn ni mo máa ń kọ́kọ́ wá. Ọ̀pọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Láti ìgbà tí aláyé ti dáyé ni àìdọ́gba ti wà láwùjọ." Ta ló fẹ́ bá ọ jiyàn? Ṣùgbọ́n bí o bá béèrè ìdí tí àwọn nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru fi máa ń gba iṣẹ́ fún ara wọn láìkọ ọ́ sínú ìwé, adájọ́ tó ti ń tòògbé á jókòó dáadáa.

Wo Émile Durkheim, onímọ̀ sosiọ́lọ́jì ọmọ ilẹ̀ Faransé. Lọ́dún 1897, ó mú ọ̀rọ̀ àwọn tó ń pa ara wọn, ohun tí ọ̀pọ̀ kà sí ọ̀rọ̀ inú ẹnì kan ṣoṣo, ó fi iye ti àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì wé ti Kátólíìkì, ó sì ní bí èèyàn ṣe so mọ́ àwùjọ rẹ̀ tó wà lára ohun tó ń fà á. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ti rí àléébù nínú àwọn iye tó lò, àmọ́ ọgbọ́n tó fi gbé ìbéèrè rẹ̀ kalẹ̀ ṣì wúlò fún ọ.

Má sì fi orúkọ Marx àti Weber, àwọn àgbà onímọ̀ nípa àwùjọ, ṣe ọ̀ṣọ́. Bí Weber kò bá ràn wá lọ́wọ́ láti lóye ohun tí àwọn tó o fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò sọ, yọ ọ́ kúrò. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn gan-an ni kó o fi ààyè sílẹ̀ fún, kó o sì pa orúkọ wọn dà.

Ìyókù ò le: ka òfin lórí gígùn àròkọ, yọ orúkọ rẹ kúrò bí wọ́n bá ní kó o yọ ọ́. Bó bá jẹ́ pé olùkọ́ ló gbọ́dọ̀ dábàá rẹ, tètè lọ bá a; lẹ́tà kì í yá láti kọ nígbà ìdánwò.