Kí Ẹ Tó Fún Fíìmù Adẹ́rùbani ní Máàkì

Ẹ ní láàárín oṣù kan, ẹ̀yin àti ìyàwó yín wo fíìmù adẹ́rùbani mẹ́fà nínú ilé, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sì já yín kulẹ̀, bẹ́ẹ̀ máàkì ńlá ni wọ́n gbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá ń béèrè bí ènìyàn ṣe lè mọ èyí tó dára, àti bí ó ṣe lè fún un ní máàkì tí kò ní kábàámọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára gan-an, nítorí ó ti ṣe èmi náà rí. Láti ọdún 2012 ni mo ti ń kọ orúkọ gbogbo fíìmù tí mo bá wò nílé sínú ìwé kan, tí mo sì ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì nínú mẹ́wàá. Nígbà tí mo padà ka ìwé náà lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, mo rí i pé ariwo jẹnẹrétọ̀, oorun ojú mi àti ọ̀rọ̀ ẹnu àlejò tó jókòó tì mí ni mo ti ń fún ní máàkì láti ọjọ́ yìí wá.

Èyí tó dùn mí jù nínú wọn ni The Figurine, tí Kunle Afolayan ṣe ní ọdún 2009, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Aràrómirẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wò ó, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná lọ ni. Mo tan jẹnẹrétọ̀, mo gbé e jìnnà sí fèrèsé, mo sì lọ fọ epo kúrò lọ́wọ́. Kí n tó wọlé, àwọn ará ilé ti bẹ̀rẹ̀ fíìmù, ìtàn òrìṣà Aràrómirẹ́ tí wọ́n fi ṣíde sì ti kọjá. N kò ní kí wọ́n dá a padà. Mo rí àwọn agùnbánirọ̀ méjì tí wọ́n rí ère kan nínú ojúbọ tí a ti pa tì nínú igbó, mo rí i pé wọ́n lówó, mo rí i pé nǹkan wọn tún bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tó so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Mo kọ mẹ́ta sí i, mo sì lọ sùn.

Ó tó ọdún mẹ́ta kí n tó tún un wò, ní èmi nìkan, nígbà tí iná wà. Lọ́tẹ̀ yìí mo gbọ́ ìtàn ìbẹ̀rẹ̀, mo sì mọ̀ pé oríire ọdún méje ni òrìṣà náà ń fúnni, pé ibi ọdún méje ló sì máa ń tẹ̀lé e. Gbogbo ẹ̀rín wọn, gbogbo ìnáwó wọn, ló wá ń bà mí lẹ́rù kí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀, nítorí ńṣe ni mo ń bá wọn ka ọdún. Fíìmù náà parí, kò sì sọ gbangba bóyá iṣẹ́ òrìṣà ni àbí iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn. Ìbéèrè yẹn bá mi dé orí ibùsùn. Mo fa ilà sí mẹ́ta tí mo kọ tẹ́lẹ̀, mo sì kọ mẹ́jọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, yàrá yín ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Etí ni fíìmù adẹ́rùbani fi ń wọlé sí ènìyàn lára ju ojú lọ, àwọn ohùn kékeré inú rẹ̀, bí ìlẹ̀kùn tó rọra dún tàbí èémí ẹni tí a kò rí, ni ariwo jẹnẹrétọ̀ àti fáànù sì máa ń kọ́kọ́ gbé mì. Íápíìsì tí kò wọ́nwó sàn ju ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ti ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n jáde lọ. Ẹ pa gílóòbù tó wà lẹ́yìn yín, kí ó má baà hàn lójú tẹlifíṣọ̀n. Ẹ wọ inú ètò àwòrán rẹ̀, kí ẹ yan èyí tí wọ́n pè ní Movie tàbí Cinema, nítorí èyí tó mọ́lẹ̀ jù, tó ń kọ yẹ̀rì, ìsọ̀ ni wọ́n ṣe é fún, kí oníbàárà lè rí i láti òkèèrè. Bí ẹ bá sì ń wò ó tààrà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹ ń ṣọ́ dátà lò, ibi tó ṣókùnkùn ni yóò kọ́kọ́ bàjẹ́: dúdú á di àwọ̀ eérú, á máa gé kélekèle bí bíríkì, ẹni tó dúró ní kọ̀rọ̀, tí olùdarí fẹ́ kí ẹ fi ojú ara yín wá rí, á sì pòórá. Mo máa ń dáúnlóòdù fíìmù tó mọ́ dáadáa ní òru tí dátà pọ̀, kí n tó wò ó lọ́jọ́ kejì.

Ní ti máàkì orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ mọ ohun tí ẹ ń kà. Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún tí Rotten Tomatoes, ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tó ń kó èrò àwọn alárìíwísí fíìmù jọ, ń kọ kì í ṣe máàkì tí fíìmù gbà. Iye àwọn alárìíwísí tí fíìmù náà tẹ́ lọ́rùn ló ń kà. Bí àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún bá sọ pé “kò burú”, 90 ni ẹ máa rí níbẹ̀, bí kò tilẹ̀ sí ẹnì kan nínú wọn tí fíìmù náà dí lóorun. Ti IMDb, ojúlé mìíràn tó ń to fíìmù jọ, yàtọ̀ sí èyí, nítorí àwọn òǹwòran fúnra wọn ló ń fún fíìmù ní máàkì láti orí 1 dé 10. Kò sí èyí tó sọ bí ẹ̀rù ti pọ̀ tó nínú méjèèjì.

Ìdí nìyí tí mo fi ń fún fíìmù kọ̀ọ̀kan ní máàkì méjì. Ọ̀kan wà fún iṣẹ́ ọwọ́ wọn, ìyẹn eré, ohùn, ìmọ́lẹ̀ àti bí ìtàn ṣe lẹ̀ mọ́ra; èyí ni mo máa ń kọ lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Ìkejì wà fún ẹ̀rù, n kì í sì í kọ ọ́ àfi bí ilẹ̀ bá mọ́. Àyà jíjá kì í ṣe ẹ̀rù. Ẹni tó bá bẹ́ balúùnù lẹ́yìn yín á já yín láyà, ẹ ó sì ti gbàgbé kí ẹ tó mu omi tán. Ẹ̀rù ni èyí tí ẹ rántí nígbà tí ẹ dìde lóru láti lọ sí ilé ìtura. Àwa Yorùbá mọ irú rẹ̀ dáadáa. Nínú Thunderbolt tí Tunde Kelani ṣe ní 2001, mágùn tí ọkọ kan mú sí ìyàwó rẹ̀ lára ni ìtàn náà dá lé, mágùn kò sì ní ojú tàbí èékánná tí a lè fi hàn ènìyàn. Obìnrin tó ń rìn lọ rìn bọ̀ nínú ilé ara rẹ̀ nìkan ni mo ń wò, ara mi sì bù máṣọ.

Lẹ́yìn máàkì méjèèjì, mo máa ń kọ ìṣẹ́jú tí fíìmù bọ́ lọ́wọ́ mi. Èyí ló kọ́ mi lọ́gbọ́n jù. Ó sábà máa ń jẹ́ ibi tí ẹnì kan ti jókòó, ìbáà jẹ́ babaláwo, wòlíì tàbí ọ̀jọ̀gbọ́n, tí ó wá ṣàlàyé ohun gbogbo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tàbí ibi tí wọ́n ti mú iwin náà jáde sínú ìmọ́lẹ̀. Fíìmù kan wà tí mo nífẹ̀ẹ́ títí ó fi di ìṣẹ́jú 71. Òjìji kan lásán ni a ti ń rí lẹ́yìn kọ́tìnì, jìnnìjìnnì sì ti bò mí. Lójijì wọ́n gbé e jáde ní ọ̀sán gangan, ẹfun lójú, mo sì rí síìpù aṣọ rẹ̀ lẹ́yìn ọrùn. Ó dùn mí, nítorí iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ti ṣe kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí pé: iṣẹ́ mẹ́fà, ẹ̀rù mẹ́ta, ìṣẹ́jú 71. Ẹni tó bá ka èyí mọ̀ ju ẹni tó rí “kò dára” lọ.

Ẹ jẹ́ kí ìyàwó yín kọ tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ má sì fi han ara yín àfi lówùúrọ̀, nítorí ẹni tó bá kọ́kọ́ kẹ́dùn lórí àga ló máa ń pinnu máàkì fún ẹnì kejì. Nínú mẹ́fà tí ẹ dárúkọ, ẹ ní méjì ṣókùnkùn débi pé ẹ kò rí nǹkan kan, ẹ sì ní ọ̀kan parí láìsí àlàyé. Mẹ́ta yìí ni kí ẹ tún wò. Ẹ fi èyí tó parí láìsí àlàyé yẹn bẹ̀rẹ̀, láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, kí ẹ sì bu epo tó sí jẹnẹrétọ̀ kí ẹ tó jókòó.